Ìlà Ọjọ́ Kẹjọ

Ẹ̀jẹ̀ náà kò tó nǹkan. Ẹ̀kán kan ṣoṣo ni, ó yọ létí èékánná ẹsẹ̀ ìyá àgbà náà níbi tí àlùmọ́gàjí ti ṣèèṣì gé e. Ṣùgbọ́n Tinúkẹ́ ti fi òwú bò ó, ó sì tẹ òwú náà mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń dí ìkòkò tó ń jò. Ó tẹ̀ ẹ́ títí, kò gbé ọwọ́ kúrò.

"Ó ti dá tipẹ́," ni ìyá àgbà náà, Frau Doktor Lewin, sọ láti orí àga rẹ̀. "Ẹ̀jẹ̀ wo lo ṣì ń dí?"

Tinúkẹ́ tọrọ àforíjì, ó sì ki òwú náà bọ àpò. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ló ń ṣe kiri àwọn ilé ní Schöneberg, nílùú Berlin. Ilé ìyá yìí ló máa ń kọ́kọ́ yà láràárọ̀, á wẹ̀ fún un, á fi aṣọ di ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń wú, á gé èékánná. Dókítà ọmọdé ni Frau Doktor Lewin kó tó fẹ̀yìn tì. Júù ni. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó máa ń tan àbẹ́là méjì sórí tábìlì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé kò dá òun lójú bóyá Ẹni tó pàṣẹ rẹ̀ ṣì ń wò. Ojú rẹ̀ ti di bàìbàì, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ mú, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bó bá ti gbá a mú.

Ó bèèrè ohun tó ń ṣe Tinúkẹ́. Tinúkẹ́ ní kò sí nǹkan kan. Ó tún bèèrè. Ni Tinúkẹ́ bá sọ pé àbúrò òun bí ọmọkùnrin ní Hamburg, pé òní ni ọjọ́ kẹjọ, wọ́n ti sọ ọmọ lórúkọ ní kùtùkùtù, olóòlà yóò sì wá dábẹ́ fún un lọ́sàn-án.

"Bíi tiwa gẹ́lẹ́," ni ìyá àgbà náà wí, ó sì pàtẹ́wọ́. "Kí ló wá dé tí o kò lọ?"

Kò sí ẹni tó ní kí Tinúkẹ́ má wá. Òun fúnra rẹ̀ ló mọ àyè ara rẹ̀. Obìnrin tí àbíkú ti fojú rẹ̀ rí màbo lẹ́ẹ̀mejì kì í lọ jókòó síbi tí wọ́n ti ń gbé ìkókó láti ọwọ́ dé ọwọ́. Bí nǹkan bá ṣe ọmọ náà lọ́la, ojú rẹ̀ ni gbogbo ilé yóò kọ́kọ́ rántí. Nítorí náà ló ṣe fi kúbùsù ránṣẹ́, tó sì sọ fún Ìtùnúolúwa, àbúrò rẹ̀, pé wọn ò fún òun láàyè níbi iṣẹ́. Irọ́ ni. Ìtùnú mọ̀ pé irọ́ ni, ó sì dúpẹ́.

"Ìwọ ńkọ́?" ni Frau Doktor Lewin bèèrè. "Ṣé o bí ọkùnrin rí?"

Láti ìgbà tí Tinúkẹ́ ti dé Berlin, kò sí ẹni tó bi í nírú ìbéèrè yìí. Bóyá nítorí pé ẹni tó bèèrè kì í ṣe ará ilé ni ẹnu rẹ̀ fi là.

"Mo bí méjì. Wọn ò sí mọ́."

Ó sọ ọ́ ní kúkúrú, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. Ní Ṣàgámù, nílé ọkọ rẹ̀ àtijọ́, wọ́n dábẹ́ fún Fọlájìmí, ẹ̀jẹ̀ kò sì dá títí ilẹ̀ fi mọ́. Wọ́n ní ọwọ́ olóòlà ni kò dára. Nígbà tó bí èkejì, wọ́n ní ọmọ àkọ́kọ́ náà ló padà wá, wọ́n sì sọ ọ́ ní Dúrójayé, orúkọ tí a fi ń bẹ irú wọn. Ọsibítù ni wọ́n gbé èyí lọ, dókítà ló dábẹ́ fún un. Ẹ̀jẹ̀ kò dá. Àbíkú sọ olóògùn di èké. Ta ni yóò tún máa bá dókítà jà? Kí wọ́n tó sin ín, wọ́n fi abẹ sàmì sí i lẹ́yìn, kí ojú lè tì í láti tún padà wá. Tinúkẹ́ wà nínú yàrá, ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bá òkú ìkókó wí. Òun náà bá a wí. Ó bi í pé kí lòun fi ṣe é tó fi ń lọ.

Frau Doktor Lewin kò kẹ́dùn fún un. Ìyẹn ló kọ́kọ́ ba Tinúkẹ́ lẹ́rù. Ìyá àgbà náà kàn nà ró lórí àga, ohùn rẹ̀ sì yí padà di ti ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́.

"Àbúrò rẹ tó bímọ yìí, ìyá kan náà ló bí yín?"

"Ọmọ ìyá mi ni."

"Ìyá yín ní arákùnrin?"

"Ọ̀kan. Mi ò bá a láyé. Wọ́n ní eyín ni wọ́n yọ fún un, ló bá kú."

Ìyá àgbà náà fa ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ mọ́ra.

"Fetí sílẹ̀," ó ní. "Àwọn àgbà wa ò fi ìlà ṣeré, wọ́n pa àwọn mìíràn nítorí pé wọ́n kọ̀ láti fi í sílẹ̀. Síbẹ̀ ó ti pẹ́, ó ti pẹ́ gan-an, tí wọ́n ti ṣòfin pé obìnrin tí ọmọkùnrin rẹ̀ méjì bá kú nípa ìlà, kò gbọ́dọ̀ kọ ẹ̀kẹta nílà. Bó bá ṣẹlẹ̀ sí ọmọ àwọn ẹ̀gbọ́n obìnrin, kí àbúrò wọn má dán an wò. Wọn ò bèèrè ẹni tí í ṣe bàbá. Ilé ìyá ni wọ́n wò."

Ó ṣàlàyé ìyókù wéré. Àwọn àgbà yẹn ò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, bí àwọn ọmọ ṣe ń kú nìkan ni wọ́n ń ṣọ́. Ẹ̀yìn wọn lọ́hùn-ún ni ìmọ̀ ìṣègùn tó wá bá wọn níbẹ̀: àrùn kan wà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Obìnrin ló ń gbé e kiri, ó sì lè má mọ̀; ara ọmọkùnrin rẹ̀ ló ti ń jáde. Kì í ṣe gbogbo ọmọkùnrin ló ń mú, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè fojú mọ èyí tó mú.

"Bí mo bá ṣìnà," ó ní, "wọ́n ṣì lè kọ ọmọ náà nílà lọ́la. Pè wọ́n."

Tinúkẹ́ fa fóònù rẹ̀ yọ. Ó rántí pé nígbà tí oyún àbúrò rẹ̀ ṣì wà nínú, Hebamme, agbẹ̀bí tó ń wá sílé wọn, ti bèèrè bóyá ẹnì kan wà nínú ìdílé tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í tètè dá. Ìtùnú ní rárá. Ọmọ, ti bàbá rẹ̀ ni. Ìdílé Akóredé ọkọ rẹ̀ nìkan ló sì rò. Àwọn méjì ti Ṣàgámù kì í ṣe ọ̀rọ̀ àìsàn lójú ẹnikẹ́ni, a kì í sì í dárúkọ àbíkú létí aboyún. Ìtùnú tiẹ̀ fi ìbéèrè náà ṣẹ̀fẹ̀ lórí fóònù, Tinúkẹ́ sì bá a rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Fóònù Ìtùnú dún títí, kò gbé e. Wọ́n gbé ti Akóredé, ṣùgbọ́n ohùn ìyá rẹ̀ ló jáde, Màmá tó wá láti Ìjẹ̀bú-Òde wá tọ́jú ọmọ. Ariwo àlejò ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n dábẹ́ fún ọmọ náà. Ẹ̀jẹ̀ yẹn lè má dá."

"Tinúkẹ́." Màmá rẹ ohùn sílẹ̀. "A ti sọ ọmọ lórúkọ, Tọ́baọlá ló ń jẹ́. Inú wa ń dùn. Ṣé òní ló wá yẹ kó o gbé ohun tójú ẹ rí wá bá wa?"

Ó pa fóònù. Nígbà tí Tinúkẹ́ tún pè, kò wọlé mọ́.

Bó bá pe Polizei, àwọn ọlọ́pàá, ńkọ́? Ó rò ó. Ó rí wọn lójú inú rẹ̀, tí wọ́n ń rọ́ wọ ilé aláwọ̀ dúdú lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, tí Jugendamt tó ń gba ọmọ lọ́wọ́ òbí sì tẹ̀ lé wọn. Kò lè ṣe é. Frau Doktor Lewin na ọ̀pá rẹ̀ sí ilẹ̀kùn, ó ní kó máa lọ, pé òun yóò pe ọ́fíìsì iṣẹ́ Tinúkẹ́ kí wọ́n rán ẹlòmíràn wá.

Ní ibùdókọ̀ Südkreuz ló ti wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Hamburg. Ọkọ̀ náà sáré dáadáa títí ó fi kọjá ìlú Ludwigslust, ló bá dúró sáàárín pápá. Kò sí ilé, kò sí èèyàn, kùrukùru nìkan àti àwọn òpó gíga tí afẹ́fẹ́ ń yí apá wọn. Ohùn kan sọ pé nǹkan ló bàjẹ́ lójú irin níwájú, ó bẹ̀bẹ̀, ó dákẹ́. Àwọn èrò mí kanlẹ̀, wọ́n sì padà sídìí fóònù wọn. Tinúkẹ́ fi ohùn ránṣẹ́ sí Ìtùnú lórí Wásáàpù. Àmì kan ṣoṣo ló yọ, kò di méjì. Ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo ìkòkò orí iná.

Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó bá òwú àárọ̀ níbẹ̀. Ó ti gbẹ, ó ti dúdú. Ẹ̀jẹ̀ arúgbó, ó sì dá kíákíá. Inú bí Tinúkẹ́. Inú bí i sí olóòlà Ṣàgámù, sí dókítà, sí ìyá rẹ̀ tí kì í fẹ́ dárúkọ arákùnrin rẹ̀, sí ara rẹ̀ jù. Ó gbàdúrà, kò sì mọ ẹni tó ń gbà á sí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ lásán ni, ta wá ni wọ́n fi abẹ bá wí lọ́jọ́ náà? Kò jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ dé ìdí ọ̀rọ̀ yẹn. Ọkọ̀ náà mì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Ọ̀sán ti ń rọ̀ nígbà tí S-Bahn, ọkọ̀ ojú irin ìgboro, gbé e kọjá odò Elbe sí Wilhelmsburg, níbi tí Ìtùnú ń gbé. Ó sáré láti ibùdókọ̀, ó sáré gun àtẹ̀gùn, òórùn ẹran díndín ń pàdé rẹ̀ bọ̀. Bàtà ọ̀pọ̀ àlejò ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Bàtà dúdú kan wà lọ́tọ̀, wọ́n tò ó mọ́ra wọn létí ògiri, bàtà ẹni tó wá ṣiṣẹ́. Sùrájù ló ni ín, ọkùnrin tó ń bá èèyàn fi ẹrù ránṣẹ́ sí Èkó láti àdúgbò Altona. Ọmọ ìdílé olóòlà ni, ìdákọ́ńkọ́ làwọn ará ilé sì máa ń pè é bí wọ́n bá bí ọkùnrin.

Ilẹ̀kùn kò tì. Wọ́n ti fa kọ́tìnì. Màmá na ẹsẹ̀ sílẹ̀ lórí ẹní, ọmọ wà lórí itan rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì ya orúnkún ọmọ náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Akóredé ń fi fóònù tanná sí i. Òórùn sípírítì gba yàrá. Sùrájù ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, abẹ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìtùnú wà ní yàrá inú, nítorí wọn kì í jẹ́ kí ìyá ọmọ wò ó.

Tinúkẹ́ kúnlẹ̀. Kì í ṣe ìkíni nìkan, ẹ̀bẹ̀ ni.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Akóredé wí jẹ́jẹ́, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù ná."

"Mo bí ọkùnrin méjì," ni Tinúkẹ́ wí, ó sọ ọ́ sókè kí yàrá inú lè gbọ́. "Nídìí ìlà ni àwọn méjèèjì kú sí. Arákùnrin ìyá mi náà, ẹ̀jẹ̀ ló pa á. Ọmọ ìyá mi ló sì bí èyí."

Màmá ní kí wọ́n mú un jáde kó tó fi ẹnu pe ohun tí kò sí wá sínú ilé. Akóredé kò mira. Ojú Tinúkẹ́ ti bọ́ sí ẹsẹ̀ ọmọ náà. Ìbọ̀sẹ̀ funfun ni wọ́n wọ̀ fún un, gìgísẹ̀ ọ̀kan sì pọ́n. Ó na ọwọ́, ó bọ́ ọ. Òwú wà lábẹ́ rẹ̀, òwú náà rin gbindin. Awọ ara ti dúdú yí ojú ibẹ̀ ká, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó fara gbá nǹkan.

"Ta ló gé e?" ni Sùrájù bèèrè.

Akóredé ní wọn ò gé e, Hebamme ló gún un lábẹ́rẹ́ ní ọjọ́ kẹta láti gba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò, gbogbo ọmọ ni wọ́n sì ń ṣe é fún.

"Abẹ́rẹ́ lásán," ni Sùrájù wí. "Láti ọjọ́ kẹta."

Ó wo gìgísẹ̀ náà pẹ́. Ó nu abẹ rẹ̀ tí kò tíì dọ̀tí, ó wé e, ó dì í sínú báàgì. Ó ní kí wọ́n gbé ọmọ lọ sí Krankenhaus, ọsibítù, kíákíá, kí wọ́n má sì sọ fún wọn níbẹ̀ pé òun wá síbí. Ó wọ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó lọ.

Ìtùnú ti jáde. Ó gbé ọmọ rẹ̀ kúrò lórí itan Màmá, ó fi kúbùsù tí Tinúkẹ́ fi ránṣẹ́ wé e.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti mọ̀ látọjọ́ yìí ni?"

"Rárá. Òní ni mo mọ̀."

Màmá kò tíì dìde lórí ẹní. "Èmi ni mò ń pààrọ̀ òwú yẹn," ó ní, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. "Mo rò pé ìbọ̀sẹ̀ ló ń há a." Nígbà tí takisí dé, òun ló gbé báàgì ọmọ ṣáájú wọn sọ̀kalẹ̀.

Ní Krankenhaus, dókítà obìnrin kan bèèrè nípa ilé ìyá ọmọ. Kò bèèrè orúkọ, ṣùgbọ́n Tinúkẹ́ dárúkọ wọn fún un, Fọlájìmí àti Dúrójayé, ìgbà àkọ́kọ́ tí orúkọ méjèèjì jáde lẹ́nu rẹ̀ ní ilẹ̀ Jámánì. Dókítà náà kò kọ nǹkan kan mọ́. Ó rọra gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lápá Tọ́baọlá, ó fi òwú lé e, ó ní kí ẹnì kan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa títí òun yóò fi dé, ó sì yára gba yàrá àyẹ̀wò lọ. Kò sáré, ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀ kó sáré.

Tinúkẹ́ ló tẹ̀ ẹ́. Àmì pupa kékeré kan yọ láàárín òwú náà, ó ń fẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ṣé ó ti ń dá?" ni Ìtùnú bèèrè.

"Kò tíì dá."

Ọmọ náà ti dákẹ́ ẹkún. Ó na ọwọ́ rẹ̀ kékeré káàkiri, ó bá ìka Tinúkẹ́ pàdé, ó sì dì í mú gírígírí. Tinúkẹ́ mọ ìdìmú yìí. Ní ọsibítù Ṣàgámù, Dúrójayé di ìka rẹ̀ mú bẹ́ẹ̀, ó dì í mú títí ilẹ̀ fi fẹ́ mọ́, títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Gbogbo ọdún wọ̀nyí ló ti ń bá a bínú pé ó fi òun sílẹ̀. Ọmọ tó bá fẹ́ lọ kì í di ìka mú bẹ́ẹ̀.