Ìyá Aneesah Ò Tíì Jẹun

1.

…kì í sì í ṣe nítorí ẹwà ló ṣe fẹ́ iṣẹ́ abẹ. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ báyìí kó tó di ariwo.

Fàósátù ń ta fóòmù ní Muṣin. Fóòmù tí wọ́n ń tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì. Òun àti ọkọ rẹ̀, Ọláyíwọlá, ni wọ́n jọ ni ṣọ́ọ̀bù náà. Tí oníbàárà bá ń ṣiyèméjì, Ọláyíwọlá á ké sí ìyàwó rẹ̀: "Ìyá Aneesah, wá bá wa dùbúlẹ̀ sórí eléyìí." Fàósátù á dùbúlẹ̀. Fóòmù á gbé e. Oníbàárà á sanwó.

Ohun tí wọ́n kọ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù:

TÓ BÁ GBÉ ÀǸTÍ FÀÓSÁTÙ,
Á GBÉ ÌWỌ ÀTI ÌYÀWÓ RẸ.


2.

Fàósátù kì í sùn lórí fóòmù.


3.

Àlàyé lórí 2.

Tó bá dùbúlẹ̀ pẹ́ ju bí oníbàárà ṣe ń wo ọjà lọ, èémí rẹ̀ á há. Tí oorun bá wá gbé e lọ, èémí á dúró. Á dúró pátápátá, bí ìgbà tí wọ́n mú iná lọ. Lẹ́yìn náà á padà dé pẹ̀lú ariwo. Ó ti di ọdún mẹ́ta tó ti ń sùn lórí àga, ní ìjókòó, ìrọ̀rí lẹ́yìn ọrùn.

Dókítà ní ọ̀rá tó wà lọ́rùn àti ní ikùn rẹ̀ ló ń dí èémí náà lọ́nà. Ó ní ọjọ́ kan ń bọ̀ tí èémí á lọ tí kò ní padà. Ó ní wọ́n lè ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, kí wọ́n gé àpò oúnjẹ tó wà nínú ikùn rẹ̀ kù, kó ṣẹ́ku bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan.

Ìwé tí wọ́n kọ fún un pè é ní "ẹni tó ń kojú ìpèníjà ìwọ̀n ara".

Ó sanra. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ síwájú.


4. Ohun tí wọ́n sọ fún un nípa ara rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan

— Ara yín dá o! Owó ń wọlé.
— Ọkọ yín ń gbìyànjú. Ẹ bá wa kí i.
— Màmá, owó ẹni méjì lẹ máa san o. (Oníkẹ̀kẹ́.)
— Ìyá Aneesah, wá bá wa dùbúlẹ̀ sórí eléyìí.


5. Owó

Wọ́n ti ta ilẹ̀ wọn tó wà ní Ìkòròdú. Ẹ má béèrè mọ́.


6. Ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ìwòsàn kan ní Sùúrùlérè

ẸNI TÓ BÁ FẸ́ IṢẸ́ ABẸ ÌDÍNKÙ ARA, KÓ KA ÈYÍ.

Owó nìkan ò tó. Ìgbìmọ̀ àwọn dókítà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i.
Ẹ ó rí onímọ̀ oúnjẹ. Ẹ sọ òtítọ́ fún un.
Ẹni tó ń bá yín gbé nílé á wá jẹ́rìí.
Ẹni tó bá fẹ́ kí a dín ara òun kù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dín in kù díẹ̀ fúnra rẹ̀.
Ẹ jọ̀ọ́, a kì í jẹun nínú yàrá yìí.

Fàósátù kà á tán. Ó da ẹ̀pà tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ sẹ́nu, ó sì jókòó.


7.

A yọ èyí. Ó dùn jù.


8. Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀. Yàrá onímọ̀ oúnjẹ.

(Motọ́lání ni onímọ̀ oúnjẹ náà. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ó ń gba ohùn sílẹ̀ nítorí pé ìgbìmọ̀ máa fẹ́ gbọ́ ọ.)

MOTỌ́LÁNÍ: Ẹ káàárọ̀ mà. Kí lẹ jẹ lónìí?

FÀÓSÁTÙ: Ẹ káàárọ̀, nọ́ọ̀sì. Mi ò tíì jẹun.

MOTỌ́LÁNÍ: Mi ò kì í ṣe nọ́ọ̀sì mà. Kí lẹ máa ń jẹ láràárọ̀?

FÀÓSÁTÙ: Mi ò kì í jẹun láàárọ̀.

MOTỌ́LÁNÍ: Ọ̀sán ńkọ́?

FÀÓSÁTÙ: Ọ̀sán kẹ̀? Ta ló ráyè jẹun lọ́sàn-án? Ọjà ń tà.

MOTỌ́LÁNÍ: Alẹ́?

FÀÓSÁTÙ: Ẹ̀bà. Kékeré báyìí.

(Ó fi ọwọ́ júwe. Fóònù ò gba ọwọ́ sílẹ̀.)

MOTỌ́LÁNÍ: Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ ń jẹun lójúmọ́?

FÀÓSÁTÙ: Ẹ̀ẹ̀kan. Ọjọ́ míì, rárá.

MOTỌ́LÁNÍ: Mà, ẹ má bínú. Pẹ̀lú bí ẹ ṣe rí yìí?

FÀÓSÁTÙ: Ẹ bá mi bi Ọlọ́run.

MOTỌ́LÁNÍ: Kí ló ń dún yẹn?

FÀÓSÁTÙ: Èwo?

MOTỌ́LÁNÍ: Bí ẹni ń rún nǹkan.

FÀÓSÁTÙ: Ẹ̀pà ni.

MOTỌ́LÁNÍ: Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ẹ ò tíì jẹun!

FÀÓSÁTÙ: Mi ò tíì jẹun. Ẹ̀pà ni.


9. Fún ẹni tí kò bá mọ̀

Búrẹ́dì kì í ṣe oúnjẹ. Àkàrà kì í ṣe oúnjẹ. Bọ̀ọ̀lì, ẹ̀pà, kókóró, mínírà: wọ́n fi ń panu ni. Mọ́ínmọ́ín méjì: wọ́n fi ń ti inú ni. Ìrẹsì lè jẹ́ oúnjẹ tí ẹran bá wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ ìrẹsì lọ́sàn-án ṣì lè délé nírọ̀lẹ́ kó ní òun ò tíì jẹun, kò sì sẹ́ni tó máa pè é ní òpùrọ́. Oúnjẹ ni ohun tí èèyàn bù ní òkèlè, tó fi ọbẹ̀ gbé mì, tó sì fọ ọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Gbogbo Muṣin mọ èyí. Motọ́lání náà mọ̀ ọ́n, nílé ìyá rẹ̀. Yunifásítì ló gbàgbé rẹ̀ sí.

Fàósátù ò purọ́.


10. Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀. Yàrá kan náà. Ọkọ ló kàn.

MOTỌ́LÁNÍ: Sà, ṣé ìyàwó yín ń jẹun dáadáa?

ỌLÁYÍWỌLÁ: Irú ìbéèrè wo nìyẹn?

MOTỌ́LÁNÍ: Ìbéèrè lásán ni sà.

ỌLÁYÍWỌLÁ: Ẹ wò ó níta níbẹ̀ yẹn. Ṣé ó jọ ẹni tí ebi ń pa?

MOTỌ́LÁNÍ: Rárá sà.

ỌLÁYÍWỌLÁ: Ó ń jẹun! Àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́. Ẹran, ẹja, pọ̀nmọ́, ẹyin. Kò sóhun tó ní òun fẹ́ jẹ tí mi ò rà. Ẹ bi gbogbo àdúgbò.

MOTỌ́LÁNÍ: Àwọn fúnra wọn ní ẹ̀ẹ̀kan làwọn ń jẹun lójúmọ́.

ỌLÁYÍWỌLÁ: (ẹ̀rín) Á, Ìyá Aneesah! Ó fẹ́ bà mí jẹ́ ni.


11.

Ọkùnrin tó bá jókòó síwájú àlejò, tó ní ìyàwó òun ò jẹun, ó ti sọ pé òun ò ṣe ojúṣe ọkọ. Ọláyíwọlá rò pé ẹjọ́ ni wọ́n pe òun sí. Ó gba ara rẹ̀ sílẹ̀.

Ó jàre.


12. Ìwé láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀

A kí yín, mà.

A ò lè fọwọ́ sí iṣẹ́ abẹ yín ní báyìí. Ẹ̀yin ní ẹ kì í jẹun. Ọkọ yín ní ẹ kì í sinmi jíjẹun. A sì gbọ́ ẹ̀pà.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ṣíbí díẹ̀ díẹ̀ lèèyàn á máa jẹ. Ẹni tó bá jẹ ju bó ṣe yẹ lọ, tó sì fi pamọ́ fún wa, ó lè kú. Nítorí náà, ẹ̀yin méjèèjì ẹ padà wá síwájú wa. Ẹ̀ẹ̀kan sí i la máa gbọ́ yín.

Dókítà Gertrude, Alága.


13.

Ní ṣọ́ọ̀bù, fóòmù. Ní ilé ìwòsàn, fọ́ọ̀mù.
Èkíní gbé e. Èkejì ò gbé e.

(Èyí náà dùn jù. Ẹ fi sílẹ̀.)


14. Wásáàpù. Fàósátù àti àbúrò rẹ̀ tó wà ní Yábàá.

JAMEELAH: Àǹtí mi, kí ni wọ́n wí

FÀÓSÁTÙ: Wọ́n ní mo purọ́

JAMEELAH: Irọ́ kẹ̀

FÀÓSÁTÙ: Mo ní mi ò jẹun

JAMEELAH: Ṣé ẹ jẹun ni

FÀÓSÁTÙ: Mi ò jẹun

JAMEELAH: Irọ́ wo lẹ wá pa

FÀÓSÁTÙ: Ọkọ mi ní mò ń jẹ ẹran, ẹja, pọ̀nmọ́, ẹyin

JAMEELAH: Ẹyin wo 😂

JAMEELAH: Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre. Ara yín dáa bó ṣe wà. Tẹ́ ẹ bá rù, wọ́n á ní ọjà ò tà mọ́. Wọ́n á ní àìsàn tí wọn kì í dárúkọ ló ń ṣe yín

FÀÓSÁTÙ: Mi ò lè sùn, Jameelah

JAMEELAH: Ẹ lo àgbo

Fàósátù ń kọ̀wé…

Fàósátù pa ohun tó kọ rẹ́.


15. Ìjà ní ṣọ́ọ̀bù, nígbà tí oníbàárà kan ti lọ, tí òmíì ò tíì dé

FÀÓSÁTÙ: Ẹyin! Ìgbà wo lẹ ra ẹyin kẹ́yìn?

ỌLÁYÍWỌLÁ: Ṣé kí n sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé ebi ń pa ọ́ nílé mi?

FÀÓSÁTÙ: Kẹ́ ẹ sọ òótọ́.

ỌLÁYÍWỌLÁ: Òótọ́ wo? Ìwọ lo ní o ò jẹun. Àná o jẹ odidi búrẹ́dì.

FÀÓSÁTÙ: Búrẹ́dì, Bàbá Aneesah?

ỌLÁYÍWỌLÁ: …Lóòótọ́. Búrẹ́dì ni.

FÀÓSÁTÙ: Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀.

ỌLÁYÍWỌLÁ: Wò ó. Tí wọ́n bá gé ikùn yẹn, tí o ò jí ńkọ́?

FÀÓSÁTÙ: Tí wọn ò bá gé e, tí mo sùn, tí mi ò jí ńkọ́?

(Oníbàárà kan wọlé. Ó fọwọ́ tẹ fóòmù. Ó ń ṣiyèméjì. Ọláyíwọlá wo ìyàwó rẹ̀. Kò pè é. Oníbàárà náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì.)


16. Ohùn tí Fàósátù fi ránṣẹ́ sí Motọ́lání

"Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ní kí n gbàgbé oúnjẹ, kí n máa sọ gbogbo ohun tó bá gba ẹnu mi kọjá. Ó dáa. Mo fi ọṣẹ ìfọyín fọ ẹnu, díẹ̀ lọ sínú. Mo mu omi. Àkàrà mẹ́rin, pẹ̀lú búrẹ́dì. Mo tọ́ ọbẹ̀ wò nítorí iyọ̀. Iyọ̀ ò tó. Mo tún tọ́ ọ wò. Mínírà kan, oníbàárà ló rà á, mi ò lè kọ̀ ọ́. Ẹran kan ń já bọ́ kúrò lára eegun, kì í ṣe pé mo jẹ ẹ́, mo gbà á sílẹ̀ ni. Bọ̀ọ̀lì. Eṣinṣin kan kó sí mi lẹ́nu ní ọjà Ojúwòyè. Mo tu ú, ṣùgbọ́n mi ò lè búra pé gbogbo rẹ̀ ló jáde. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, mo wá jẹun."


17. Èsì

"Ẹ ṣeun mà. Ẹ pa mí lẹ́rìn-ín. Èmi gan-an ò tíì jẹun látàárọ̀, sọ́sééjì fẹ́rẹ̀ẹ́ há mi lọ́nà ọ̀fun níbi tí mo ti ń rẹ́rìn-ín."

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀:

"Ha."

Lẹ́yìn náà:

"Mà, ẹ jẹ́ kí n bá alága sọ̀rọ̀."


18.

Ojoojúmọ́ ni Fàósátù wá ń fi ohùn ránṣẹ́. Kò pẹ́ tó fi rí i pé ó rọrùn láti jẹ bọ̀ọ̀lì kejì, ṣùgbọ́n kò rọrùn láti sọ ọ́. Ojú ń tì í. Nítorí náà kò jẹ ẹ́.

Ó dín ní kílò mẹ́fà.

Ìyá kan ní àdúgbò bi í pé ṣé kò sí o, ara rẹ̀ ti ń lọ.


19. Níwájú ìgbìmọ̀. Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀.

GERTRUDE: A ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀pà. A ti gbọ́ ọ̀rọ̀ eṣinṣin.

FÀÓSÁTÙ: Ẹ má bínú, dókítà.

GERTRUDE: Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ti yé wa. Ìbéèrè kan ló kù, kì í sì í ṣe tiyín. Sà, lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ wọn nílé. Ìgbà àkọ́kọ́, ẹ sọ ohun tó máa buyì kún yín. Lónìí, ẹ sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Tí wọ́n bá ń sùn, kí lẹ máa ń ṣe?

ỌLÁYÍWỌLÁ: Èmi?

GERTRUDE: Ẹ̀yin.

(Ó ń wá ọ̀rọ̀ ńlá. Kò rí i.)

ỌLÁYÍWỌLÁ: Mi ò kì í ṣe nǹkan kan. Mo kàn máa ń fetí sí i.

GERTRUDE: Títí di ìgbà wo?

ỌLÁYÍWỌLÁ: Títí ilẹ̀ á fi mọ́. Tó bá ti dákẹ́, mo máa ń fọwọ́ gbá a léjìká. Á mí. Á sì bú mi.

FÀÓSÁTÙ: Ẹ sọ fún mi pé àlá ìjà lẹ máa ń lá!

ỌLÁYÍWỌLÁ: Kí ni ǹ bá sọ?

FÀÓSÁTÙ: Ọdún mẹ́ta, Bàbá Aneesah. Ìgbà wo lẹ wá ń sùn?

ỌLÁYÍWỌLÁ: Ní ṣọ́ọ̀bù. Lórí ọjà. Tó o bá ti lọ ra búrẹ́dì.

(Ẹnì kan rẹ́rìn-ín nínú ìgbìmọ̀.)

GERTRUDE: Ẹ dúró síta. A máa pè yín.


20.

Bẹ́ǹṣì onígi, lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà. Fàósátù ní òun fẹ́ pa ojú dé lásán. Oorun gbé e lọ, orí rẹ̀ fara ti èjìká ọkọ rẹ̀.

Èémí wọlé. Èémí jáde.

Èémí wọlé.

Ilẹ̀kùn ṣí. Motọ́lání jáde pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ ò sọ nǹkan kan. Bóyá wọ́n ló gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀.

"Sà, wọ́n ti fẹnu kò. Wọ́n ń dúró dè yín."

"Kí wọ́n dúró," ni Ọláyíwọlá wí, ní ohùn ìsàlẹ̀. "Ẹ ò rí i pé ó ń sùn?"

Èémí jáde.

Motọ́lání wo ìwé náà. Ó wo ìyá tó ń sùn. Ó jókòó sí etí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fetí sílẹ̀.

Èémí wọlé. Èémí jáde.


21.

Ó dákẹ́.

Ọláyíwọlá gbé ọwọ́ sókè.