Ẹ̀rọ Tí Ìkíni Kì Í Tán Lẹ́nu Rẹ̀

Àlá kan ni mo lá mọ́jú òní. Mo fẹ́ sọ ọ́ fún yín, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má bá mi túmọ̀ rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ yé mi.

Mo rí i pé ìjọba ti gba ọwọ́ ọ̀tún mi. Kò dùn mí, kò ṣẹ̀jẹ̀, ó kàn ti kúrò léjìká ni. Bíríkìlà sì ni mí. Ọwọ́ òsì mi kò lè di ṣíbí mú dáadáa, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì. Bí mi ò bá rí ọwọ́ náà gbà padà, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn.

Ọ́fíìsì tí wọ́n kó ọwọ́ àti etí àwọn èèyàn pamọ́ sí ń léfòó lókè pápá bọ́ọ̀lù. Àkàbà tí wọ́n fi pọ̀nmọ́ ṣe ni mo gùn dé ibẹ̀. Ó ń yọ̀, ṣùgbọ́n ó gbé mi.

Ẹ̀rọ kan tó ga bíi fíríìjì ló jókòó síbẹ̀, ó dé fìlà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó de táì dúró tì í. Ó ní Ẹnjiníà Ládélé lorúkọ òun, òun lòun kọ́ ẹ̀rọ náà bí a ti ń kíni.

"Ẹ̀rọ yìí ló máa fún yín lọ́wọ́ yín, bàbá," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n á kọ́kọ́ kí yín tán ná. Èdè C, èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ni mo fi bá a sọ̀rọ̀. Lúùpù ni mo ṣe sí i: mo sọ iṣẹ́ náà fún un lẹ́ẹ̀kan, òun fúnra rẹ̀ á máa tún un ṣe."

"Títí di ìgbà wo?"

"Mo ní níwọ̀n ìgbà tí ẹni náà bá ṣì ń dáhùn, kó máa kí i lọ."

"O ò wá sọ iye ìgbà fún un?"

Ó fi mí rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ṣé ìkíni wa níye ni?"

Ó pẹ́ ní yunifásítì gan-an kó tó lè gọ̀ tó báyẹn. Bó ti ń rẹ́rìn-ín ni ìwo hù lórí rẹ̀, ó di òbúkọ, táì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Kò yà mí lẹ́nu. Mo ti bá èyí tó burú jù ú lọ pàdé ní ọ́fíìsì rí.

Ẹ̀rọ náà ní ẹnu méjì. Ọ̀kan ń kí ìyá arúgbó kan tó wá gba etí rẹ̀. Màmá yẹn ti dáhùn títí koríko fi hù láàárín ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹnu kejì kọjú sí mi.

"Ẹ káàsán, sà. Ilé ńkọ́?"

"A dúpẹ́."

"Ìyàwó ńkọ́?"

"Ó wà."

"Òrùlé ńkọ́? Ìgbọ̀nwọ́ òsì ńkọ́?"

Kí ni mo fẹ́ ṣe? Ẹni tó ń kí èèyàn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, a ò lè dákẹ́ mọ́ ọn láìjà. Mo wá ìjà tì. Mo bú u pé agolo lásánlàsàn ni. Ó ní, "Ẹ ṣeun, sà. Agolo tiyín ńkọ́?" Mo tún dáhùn. Ìkùukùu kan wọlé, ó fa àga, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kí òun náà. Mò ń gbọ́ ọwọ́ mi nínú àpótí lẹ́yìn ẹ̀rọ, ó ń fi èékánná họ pákó.

Ìgbà tó kí iyọ̀ tán, tó kí ikọ́ tán, ó ní, "Ọ̀gá iléèwé yín, Tíṣà Fálódún, ńkọ́?"

Ọkùnrin yẹn ló lé mi kúrò ní kíláàsì kẹrin, nítorí mo ní òun ló ṣi ìṣirò ṣe, kì í ṣe èmi. Ó ti kú, wọ́n ti sin ín, a ò tíì rẹ́. Mo pa ẹnu mi dé.

"Bàbá, ẹ dáhùn o!" ni òbúkọ ké. "Ẹ ṣáà sọ pé ó wà! Ẹ fẹ́ ba iṣẹ́ mi jẹ́!"

Mo wò ó láti ìwo dé pátákò.

Ẹ̀rọ náà ṣí fìlà. "Kò dáhùn mọ́," ni ó wí, ó sì ṣí àpótí. Ọwọ́ mi fò jáde, ó lẹ̀ mọ́ mi léjìká.

"Ọmọ mi, báwo lo ṣe ṣe é?" ni màmá yẹn yára bi mí.

"Ẹ dákẹ́ ni, mà. Ẹ má dá a lóhùn mọ́."

"Háà! Kí wọ́n kí mi, kí n máa wò bọ̀ọ̀? Ṣé wọn ò kọ́ mi nílé ni?" Ó yíjú sí ẹ̀rọ. "A dúpẹ́ o. Ó wà o."

Mo pòṣé sí gbogbo wọn, mo bẹ́ sílẹ̀ láti ọ́fíìsì náà, orí ẹní mi ni mo balẹ̀ sí.

Ilẹ̀ ti mọ́. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà dání.

"Ẹ káàárọ̀, bàbá Títílọpẹ́. Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

Mo dákẹ́.

"Ṣé kò sí o?"

Mo tún dákẹ́. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá yóò bi mí lẹ́ẹ̀kan sí i.

Kò bi mí mọ́. Ó gbé ẹ̀kọ àti àkàrà náà padà sí ilé ìdáná, ọwọ́ ọ̀tún mi sì nà gbọọrọ sí ẹnu ọ̀nà tí kò sí ẹnikẹ́ni.