Ẹ Jẹ́ Kí Pákó Kan Máa Ké

"Ẹ fò sókè, Àǹtí. Ẹ má ṣojo. Ẹ fò, kí ẹ fi gbogbo ara balẹ̀."

Tíṣà wo káfíńtà náà tìyanu-tìyanu. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí orúnkún ń yọ lẹ́nu, òun ni wọ́n ní kó máa fò kiri pálọ̀ bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́ ju kó jiyàn lọ. Ó ká ìró sókè díẹ̀, ó fò, ó sì balẹ̀ sórí pákó tuntun náà.

"Ṣé ó ké?"

"Kò ké."

"Kò lè ké láyé!" Káfíńtà rẹ́rìn-ín, ó gbọn eruku ọwọ́ rẹ̀ dànù. "Iṣẹ́ ọwọ́ tèmi kì í pariwo. Bí olè bá wọlé yìí, ẹ ò ní mọ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi olè ṣàdúrà fún mi."

Pé kí pákó má ké mọ́ ni iṣẹ́ tí Tíṣà bẹ̀ ẹ́ gan-an. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan ni òun àti màmá rẹ̀ ń gbé, pákó sì ni ilẹ̀ ibẹ̀ látọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ọ. Pákó náà ti gbó, ibi gbogbo ló ń ké, àmọ́ èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá Màmá ló burú jù. Bí Màmá bá ti jí lóru, tó gbé ẹsẹ̀ lé e báyìí, pákó á ké, oorun á sì dá lójú Tíṣà. Màmá ti ń gbàgbé nǹkan. Ó ti gbàgbé pé ọkọ òun ti kú, ó ti gbàgbé pé òun kì í ránṣọ fún èèyàn mọ́, nígbà mìíràn kì í rántí ọ̀nà balùwẹ̀. Kò sí òru tí pákó yẹn kì í ké. Tíṣà á dìde, á mú un padà sórí bẹ́ẹ̀dì, nígbà tílẹ̀ bá sì mọ́, á gbé ojú tó wú lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò. Nígbà tó yá, pákó ló kù tó ń bínú sí. Ó gbà pé ariwo yẹn ni kò jẹ́ kí òun sùn.

Bó ṣe mú Màmá lọ sí ìsọ̀ onípákó nìyẹn. Oníṣòwò náà to oríṣiríṣi sílẹ̀ níwájú wọn, ó ń ròyìn wọn bí ẹni ń wá ọkọ fún ọmọ rẹ̀. Kí wọ́n tó mọ̀, Màmá ti bọ́ bàtà, ó ti ń tẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dé orí ọ̀kan tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, tí ara rẹ̀ mọ́ tónítóní, kò sì fẹ́ kúrò lórí rẹ̀ mọ́.

"Èyí ò tutù mọ́ni lẹ́sẹ̀," ló wí.

"Bíìṣì nìyẹn, Màmá, igi ilẹ̀ òyìnbó. Igi gidi ni. Ẹ mọ nǹkan tó dáa o."

Bíìṣì náà ni wọ́n rà. Káfíńtà ní kí wọ́n kọ́kọ́ kó o jọ sí pálọ̀, kó mọ afẹ́fẹ́ ilé ná, torí igi yìí kì í pẹ́ wú tí ọ̀rinrin bá kàn án. Wọ́n wá ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn kọjá lára òkìtì pákó, Màmá sì ń kí i láràárọ̀ pé, "Ẹ kú ìjókòó o." Lẹ́yìn náà ni káfíńtà wá hú ti àtijọ́, ó tún àwọn igi abẹ́ rẹ̀ ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to bíìṣì, tí etí ọ̀kan ń wọnú etí èkejì. Ó fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kí igi lè ríbi wú sí. Iṣẹ́ náà parí lónìí, ó sì dára. Tíṣà fúnra rẹ̀ kò lè parọ́.

"Ẹ wá wo ti yàrá Màmá," ni káfíńtà wí. "Ibẹ̀ ni mo fọwọ́ sí jù."

Bẹ́ẹ̀dì ṣófo. Báàgì tí Màmá máa ń gbé kọ́ sára ìṣó kò sí níbẹ̀ mọ́.

"Màmá?"

Kò sí ní balùwẹ̀, kò sí ní ìta òkè. Ilẹ̀kùn àtẹ̀gùn ṣí sílẹ̀. Ẹ̀yìn wọn ló gbà kọjá nígbà tí wọ́n ń fò, tí wọ́n ń yin pákó.  Tíṣà sáré sọ̀ kalẹ̀ láìwọ bàtà, káfíńtà tẹ̀ lé e tòun ti òòlù onígi lọ́wọ́.

Àárín títì ni wọ́n ti rí i, ó na ọwọ́ sí ọkọ̀ akẹ́rù kan bí ọlọ́pàá. Awakọ̀ ti yọ orí síta, ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Ẹ bá mi mú màmá yìí o! Díẹ̀ ló kù!"

"Bọ́tìnnì ni mo fẹ́ lọ rà," ni Màmá ń ṣàlàyé fún un. "Aláṣọ ń bọ̀ wá gba aṣọ ẹ̀, mi ò tíì kan bọ́tìnnì sí i."

Tíṣà gbá a mọ́ra lójú títì níbẹ̀, ó sunkún, kò sì tijú ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí wọ́n délé, tí Màmá ti sùn lọ, káfíńtà bu omi fún Tíṣà mu.

"Ẹ máa ti ilẹ̀kùn ni, Àǹtí."

"Mo ti tì í rí. Ó lu ilẹ̀kùn títí ọwọ́ ẹ̀ fi bẹ́. Ó ní kí lòun ṣe tí mo fi sọ òun sẹ́wọ̀n." Ó gbé ife sílẹ̀. "Mi ò jẹ́ tì í mọ́."

Ó ń wo pákó ẹnu ọ̀nà Màmá, bó ṣe ń dán, tó sì dákẹ́. Ìgbà náà ló yé e. Pákó tí òun ń bú tọ̀sán-tòru yẹn ló ti ń bá a ṣọ́ màmá rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì ní kí wọ́n hú u dànù. Ó dùn ún wọra.

"Ẹ bá mi jẹ́ kó máa ké."

"Kí ni?"

"Pákó ẹnu ọ̀nà Màmá. Mo fẹ́ kó máa ké bíi ti tẹ́lẹ̀."

"Àǹtí, ṣé kì í ṣe pé ó ti rẹ̀ yín jù? Ẹ̀yin lẹ ní kó dákẹ́!" Ohùn káfíńtà le díẹ̀. "Ẹ wá ní kí n fọwọ́ ara mi bà á jẹ́. Tí àlejò bá tẹ̀ ẹ́, tó ní ta ló ṣe é ńkọ́?"

"Mo máa ní èmi ni mo kàn án."

"Wọ́n á gbà yín gbọ́ o. Ó máa jọ ọ́." Ṣùgbọ́n ó wo yàrá Màmá, ó mí kanlẹ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi òkìtì pákó àtijọ́. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó gòkè padà, pákó dúdú kan wà léjìká rẹ̀, àpá áyọ́ọ̀nù hàn lára rẹ̀, ibi tí Màmá gbé e gbàgbé sí nígbà tó máa ń jókòó lọ aṣọ oníbàárà sẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣé òun nìyí?"

"Òun ni."

Ó gé bíìṣì kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó fá ti àtijọ́ kó lè bá a dọ́gba, ó tẹ́ ẹ síbẹ̀, kò sì kan ìṣó rẹ̀ le. Ó rí bákan láàárín igi tuntun. Káfíńtà gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí wọ́n fipá mú purọ́.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ wò."

Tíṣà tẹ̀ ẹ́. Ó ké.

"Ta nìyẹn?" ni Màmá bi láti orí bẹ́ẹ̀dì.

"Èmi ni, mà."

"O ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti iléèwé bọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó ti rẹ̀ ẹ́. Mo gbọ́ ọ nínú ìrìn ẹ. Lọ sùn."

Tíṣà kò dé yàrá rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ ní pálọ̀, ó fẹ̀yìn lé bíìṣì tí kò tutù mọ́ni lára, ó fi apá ṣe ìrọ̀rí. Oòrùn ṣì ń ràn wọlé lójú fèrèsé nígbà tó sùn lọ.

Káfíńtà palẹ̀ irinṣẹ́ mọ́ jẹ́jẹ́. Ó ku òòlù onígi, tó ti gbàgbé sí yàrá Màmá. Ó lọ mú un. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó ká ṣòkòtò sókè, ó gbé ẹsẹ̀ gbọọrọ, ó sì dá pákó àtijọ́ náà kọjá.