Àkọ̀ Ọ̀bẹ Lèmọ́mù

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ojú tó tún tì mí. Èmi Idrissou, oníṣẹ́ awọ ní Bantè, èmi tí mo máa ń fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí àkọ̀ ọ̀bẹ tó le tó tèmi títí dé Savalou, ọwọ́ ara mi ni mo fi ba orúkọ mi jẹ́.

Ọdún tí owó sẹ́fà já wálẹ̀ ni. Iléyá ku ọjọ́ mẹ́ta. Lèmọ́mù Yessoufou gbé ọ̀bẹ tuntun kan wá pé kí n rán àkọ̀ sí i. Ọ̀bẹ yẹn ni wọ́n máa fi pa àgbò àkọ́kọ́ ní yídì, lójú gbogbo ìlú. Tí iṣẹ́ náà bá dára, orúkọ mi ni. Tó bá bàjẹ́, orúkọ mi náà ni.

Iṣẹ́ tí mo mọ̀ ni. Mo rẹ awọ màlúù sómi, mo gbẹ́ pákó kan tó rí bí ọ̀bẹ náà gẹ́lẹ́, mo rán awọ mọ́ ọn lára. Mo gbé omi kaná. Omi náà ò gbọdọ̀ hó: tí ọwọ́ bá lè gbà á kéèyàn ka ení, èjì, ẹ̀ta, ó tó. Mo rì í bọ̀ ọ́, awọ sún kì, ó le mọ́ pákó. Mo gbé e sábẹ́ òjìji. Rissikatou ìyàwó mi ní ṣé kí òun bá mi sá a sóòrùn kó lè yá.

"Ṣé ìwọ lo kọ́ mi níṣẹ́ ni? Ṣé o fẹ́ kó là ni?" Bí mo ṣe máa ń dáhùn nìyẹn. Ẹnu mi yá ju ọwọ́ mi lọ.

Ó wá ku kí n yọ́ ìda oyin pọ̀ mọ́ ọ̀rá màlúù, kí n fi pa á ní gbígbóná, kí omi àti ẹ̀jẹ̀ má lè wọ̀ ọ́. Ìda wà nílé, ọ̀rá ni kò sí. Rissikatou ní kí n fi òrí ṣe é. Mo ní òrí máa ń mú awọ rọ ni, kó fi mí sílẹ̀. Mo gun alùpùpù, ó di Savalou. Gbogbo alápatà tí mo mọ̀ ní àwọn ò tíì pa ẹran, àwọn ń dúró de ọdún. Bí mo ṣe ń padà bọ̀ tìbínú-tìbínú, mo rí obìnrin kan tó ń dín ẹran lẹ́bàá ọ̀nà, ọ̀rá funfun kún agolo níwájú rẹ̀. Orí ẹlẹ́dẹ̀ wà lórí tábìlì náà. Mo rí i. N ò ní purọ́ fún yín, mo rí i kedere. Mo ra ọ̀rá náà, n ò béèrè nǹkan kan. Mo sọ fún ara mi pé iná á jó ohunkóhun tó bá wà nínú ẹ̀ kúrò.

Àkọ̀ náà sì dára! Tí mo bá fi èékánná kàn án, á dún kó-kó bí igbá.

Nígbà tó ku ọ̀la, mo gbé e lọ sílé Lèmọ́mù lẹ́yìn ìrun Àsárì. Àwọn àgbà jókòó lórí ẹní. Ó ti di àṣà wa pé ẹni tó bá ṣiṣẹ́ lára ọ̀bẹ ọdún gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ búra lójú wọn pé ó mọ́. Lèmọ́mù yí àkọ̀ náà lọ́wọ́, inú rẹ̀ dùn.

"Idrissou, ọwọ́ rẹ mà dára o. Kí lo fi pa á?"

N ò lè fi orúkọ Ọlọ́run purọ́ pé ọ̀rá màlúù ni, n ò sì lè sọ òótọ́. Ni mo bá gba àárín méjèèjì.

"Ẹ dárí jì mí, Baba. Ọ̀rá ló tán nílé tí mo fi tọrọ lọ́wọ́ Ìyá Josias, aládùúgbò wa. N ò tètè mọ̀ pé ti ẹlẹ́dẹ̀ ni."

"Suzanne ìyá Josias yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Baba. Ẹ sáà mọ̀ pé oníṣọ́ọ̀ṣì ni."

Lèmọ́mù gbé àkọ̀ náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun ni Suzanne ń lọ. Àwọn náà kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀. Ọdún mélòó lẹ ti jọ wà ládùúgbò?"

"Mọ́kànlá, Baba."

"Ọdún mọ́kànlá, o ò mọ̀?"

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò tó ìṣẹ́jú kan. Ikú yá ju ẹ̀sín lóòótọ́! Mo jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀ níbẹ̀, orí ẹlẹ́dẹ̀ lórí tábìlì obìnrin ọ̀nà Savalou, agolo, gbogbo ẹ̀. Kò sẹ́ni tó bú mi. Wọ́n fọ ọ̀bẹ náà dáadáa, wọ́n wé e sínú aṣọ, wọ́n ní kí n lọ ri àkọ̀ náà mọ́lẹ̀. Lèmọ́mù kàn ní, "Lọ bá Suzanne kí ọ̀rọ̀ tó ṣáájú rẹ débẹ̀."

Suzanne ń sá aṣọ ìsìn rẹ̀ sórí okùn nígbà tí mo wọlé. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Háà, Bàbá Ismath! Ẹ dìde, kí ló dé?"

Mo rò ó fún un látòkèdélẹ̀, bí mo ṣe dárúkọ rẹ̀ níwájú àwọn àgbà. Mo fẹ́ kó bú mi, ì bá tù mí lára. Ó na etí aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí ó fi tẹ́ dáadáa.

"Oúnjẹ tí mo máa ń gbé wá fún yín lọ́dún Kérésì," ló wí, "ẹ máa ń gbà á, ẹ máa ń kí mi kú ìnáwó. Ṣùgbọ́n n ò rí i rí kí ẹ jẹ ẹ́. Mo máa ń rò pé ọbẹ̀ mi ni kò dùn. Ṣé torí ẹ rò pé ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú ẹ̀ ni?"

Ajá ẹ̀yìnkùlé ni mo máa ń dà á fún, látọdún mọ́kànlá.

N ò lè gbójú sókè wò ó. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.