Gìtá Aláwọ̀ Ọrùn Ẹyẹlé

Ìṣó kan ṣoṣo ló wà lára ògiri pálọ̀ wa, gìtá bàbá mi ló sì ni ín. Fìlà bàbá mi kan wà lórí tẹlifíṣọ̀n, òmíràn wà lábẹ́ àga, ọ̀kan tilẹ̀ wà tí ológbò sọ di ibùsùn. Bí ìyá mi bá ní ká kan ìṣó mìíràn, bàbá mi á ní ògiri náà ti gbó, kò lè gba ìṣó méjì. Ìyá mi á ní, "Ẹ kúkú sọ pé orogún mi kò fẹ́ alábàágbé." Bó ṣe ń pe gìtá náà nìyẹn láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ. Ó ní gìtá ló bá nílé, gìtá náà ló sì mọ oge ṣe jù.

Kò parọ́. Gìtá oníná ni, ti àtijọ́, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí ọrùn ẹyẹlé. Bí o bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, elésè àlùkò lo máa rí. Bí o bá rìn lọ sójú fèrèsé, á ti di àwọ̀ ewé mọ́ ọ lójú, tí wúrà díẹ̀ á máa yọ létí rẹ̀. N kò rí irú ẹ̀ rí lọ́wọ́ olórin mìíràn. Òun ni bàbá mi fi ń ṣeré kiri ní gbogbo ìgbà tí mo fi dàgbà, òun ló sì rán mi nílé ìwé.

Lẹ́yìn náà ni àìsàn dé, ó sì rọ bàbá mi lápá ọ̀tún. Ẹsẹ̀ tètè padà bọ̀ sípò. Ọ̀rọ̀ ẹnu padà, àwàdà pàápàá ń padà díẹ̀díẹ̀. Ìka ọwọ́ ọ̀tún ni kò padà, wọ́n le gbagidi. Láti kékeré ni bàbá mi ti ń fi ọwọ́ òsì ṣe ohun gbogbo, nítorí náà àwọn ẹbí ní ká máa dúpẹ́ pé ọwọ́ tó ń lò kọ́ ló lọ. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò mọ gìtá. Lóòótọ́, ọwọ́ òsì rẹ̀ ló ń fa okùn, ṣùgbọ́n ọ̀tún ló ń rìn lórí ọrùn gìtá, tó ń tẹ okùn mọ́lẹ̀, tó ń wá ohùn. Ọwọ́ tó ń wá ohùn ló lọ.

Nọ́ọ̀sì fún un ní bọ́ọ̀lù róbà kékeré kan pé kó máa fún un mọ́wọ́ láràárọ̀. Ológbò ló jogún bọ́ọ̀lù náà. Bàbá mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ọ̀tún pamọ́ sábẹ́ aṣọ, bí ẹni tó jí nǹkan gbé. Ilẹ̀ á mọ́, á jókòó kọjú sí gìtá, àwọn méjèèjì á máa wo ara wọn. Bó bá gbé e, tó gbìyànjú, tó tì, kò tún ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà. Kí n má parọ́, kì í ṣe àìsàn ló ń bà mí lẹ́rù mọ́ nígbà yẹn, ògiri yẹn ni.

Onídìrí ni mí. Yàrá iwájú ilé wa ni ṣọ́ọ̀bù mi, ibẹ̀ ni bàbá mi sì ti pè mí wá sí pálọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan.

"Bá mi tà á," ó ní. "Tà á fún ẹni tó máa lù ú. Bí mo bá mọ̀ pé wọ́n ń lù ú níbì kan, màá lè sùn."

Ìyá mi ń ká aṣọ lọ́wọ́. Mo rò pé ijó ló máa bẹ́ sí, ṣùgbọ́n ó kàn di aṣọ náà mú.

Mo gbé gìtá lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo gbé e jókòó sórí àga àwọn oníbàárà, mo yà á ní fọ́tò bí mo ṣe ń ya gbogbo irun tí mo bá ṣe: mo kọjú fóònù sí dígí. Inú dígí ni irun ti máa ń wuyì jù, nítorí iná tó wà lókè ibẹ̀ kò lẹ́gbẹ́. Fọ́tò náà dára débi pé ó fẹ́ẹ̀ wù mí rà. Mo gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kò ní àléébù kankan, fóònù mi kò sì sinmi mọ́.

Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń lu gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì ló kọ́kọ́ dé. Ó gbé e mọ́ àyà tìfẹ́tìfẹ́, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ojú rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì.

"Àǹtí, gìtá yìí dorí kodò."

"Ìwọ lo dorí ẹ̀ kodò. Yí i padà."

"Bí mo bá yí i padà, okùn ẹ̀ ló máa dorí kodò. Ọlọ́wọ́ òsì ló ni gìtá yìí."

"Bàbá mi ló ni ín," mo ní.

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ti bàbá mi nìkan ni gìtá tí mo mọ̀ dáadáa. Mo ti rí i pé àwọn olórin yòókù ń kọjú tiwọn síbòmíràn, ṣùgbọ́n mo rò pé bó ṣe wu kálukú ni, bí àwọn kan ṣe ń gbé ọmọ sápá ọ̀tún, tí àwọn mìíràn ń gbé e sápá òsì.

Ẹni kejì wá, ohun kan náà ló sọ. Ẹni kẹta wọ bàtà tó ń dán, ó ti ọ̀nà jíjìn wá, ó sì bínú. Ó na fóònù rẹ̀ sí mi lójú. "Ẹ̀yin lẹ ya fọ́tò yìí. Ti ọlọ́wọ́ ọ̀tún ló wà níbí. Ti ọlọ́wọ́ òsì lẹ gbé fún mi. Jìbìtì nìyẹn."

Jìbìtì kẹ̀? Ara mi gbóná. Mo sọ fún un pé irun nìkan la máa ń fi kún nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, a kì í fi irọ́ kún un, kó sì tètè máa lọ kí n tó fi kóòmù yà á lórí. Ó lọ. Ìgbà tó lọ tán ni mo tó wo fọ́tò náà dáadáa. Lóòótọ́, ọrùn gìtá kọjú síbi tí kò kọjú sí rí. Mo gbé fóònù lọ bá bàbá mi.

Ó sún un mọ́ ojú, ó tún nà án jìnnà. "Níbo lo ti ya èyí?"

"Nínú dígí."

Bàbá mi wò mí. Ó tún wo fọ́tò. Nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í hó nínú rẹ̀ tí mo kọ́kọ́ pè ní ikọ́. Ẹ̀rín ni. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Màmá, wá wò ó. Ọmọ ẹ ti sọ orogún ẹ di ọlọ́wọ́ ọ̀tún."

Ìyá mi wá wò ó, òun náà bú sẹ́rìn-ín, ó sì ní ohun tí agbára òun kò ká láti ọjọ́ yìí ni ọmọ òun fi fóònù ṣe yẹn. Ó ti pẹ́ tí ilé wa ti gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi, ara tù mí débi pé mo gbàgbé pé èmi ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo ya fọ́tò mìíràn lójúkojú, láìsí dígí, mo sì kọ ọ́ gàdàgbà pé gìtá ọlọ́wọ́ òsì ni. Fóònù dákẹ́ lọ gbáà. Ẹnì kan ṣoṣo tí ọ̀rọ̀ ọwọ́ kò kàn ló wá, ọ̀gá tó ni òtẹ́ẹ̀lì kan. Kò tilẹ̀ gbé gìtá nílẹ̀. Ó yọ ègé aṣọ kékeré kan láti inú àpò, ó tẹ́ ẹ lé gìtá láyà.

"Ó bá kọ́tìnì mi mu rẹ́gí," ó ní. "Ibi tí àwọn àlejò ti ń gba kọ́kọ́rọ́ ni mo fẹ́ gbé e kọ́ sí. Bàbá, ẹ kàn bá mi yọ okùn ẹ̀, kí àwọn ọmọ wọn má baà máa fi pariwo."

Owó gidi ló dá lé e, kí a sọ òótọ́. Bàbá mi ní kó jẹ́ kí òun rò ó, ọ̀gá náà sì ní òun á padà wá gbọ́ èsì lọ́sàn-án Sátidé.

"Láti ògiri bọ́ sí ògiri," bàbá mi ní nígbà tó lọ tán. "Ṣùgbọ́n n ò ní sí níbẹ̀ láti máa wò ó. Bí kò bá sẹ́lòmíràn, kó máa gbé e lọ." Ẹ̀rín ti tán lẹ́nu rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún sì ti wọ abẹ́ aṣọ. Inú bí mi. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá yọ okùn yẹn, bàbá mi kò tún ní sùn mọ́.

Láàárọ̀ Sátidé, mo ń fọ irun oníbàárà kan lọ́wọ́ nígbà tí obìnrin kan yọjú. Iyẹ̀fun wà nínú ìpéǹpéjú rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọn ò tíì ra gìtá yẹn? Búrẹ́dì ni mò ń ṣe, n ò ráyè kúrò nídìí ààrò ni."

Mo wo ọwọ́ tó fi ń nu òógùn. Òsì ni. Mo fi oníbàárà mi sílẹ̀ tòun ti ọṣẹ lórí, mo sì mú un wọlé.

Bàbá mi ní kó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé gìtá sọ̀ kalẹ̀ lára ìṣó. Oníbúrẹ́dì gbé e mọ́ àyà, kò yí i síbì kankan. Ó kàn dúró.

"Kí ló dé?" bàbá mi bi í.

"Kò sí o, Bàbá. Láti ọjọ́ tí mo ti ń lu gìtá, ti ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni mo máa ń dorí ẹ̀ kodò. Àwọn bọ́tìnnì ẹ̀ á máa gún mi lápá. Èyí ò gún mi."

Ìyá mi lọ fa sípíkà jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó nù ún, a sì fi wáyà so gìtá mọ́ ọn. Oníbúrẹ́dì bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú. Ó mọ̀ ọ́n lù, ṣùgbọ́n ó ń tijú. Ó gbé orin kan tí bàbá mi máa ń fi parí eré láyé ọjọ́un, ó sì ṣi ẹsẹ̀ gbé níbi tó le jù.

"Kì í ṣe ibẹ̀," bàbá mi ní. "Gbé ìka kejì wá sókè, báyìí." Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ yọ jáde lábẹ́ aṣọ láti fi hàn án, ìka rẹ̀ sì kọ̀, kò tẹ̀. Gbogbo wa rí i.

Oníbúrẹ́dì kò gbójú kúrò. Ó wo ọwọ́ náà dáadáa, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bá yín tẹ̀ ẹ́, kí ẹ̀yin máa bá mi fà á."

Ó gbé gìtá lé bàbá mi lórí itan, ó jókòó tì í lápá ọ̀tún, ó sì na ọwọ́ ọ̀tún tirẹ̀ sí ọrùn gìtá. Bàbá mi fi òsì fa okùn. Ohùn àkọ́kọ́ dà bí ti ológbò tí wọ́n tẹ̀ nírù. "Sún un díẹ̀," bàbá mi ní. "Ó tó." Wọ́n tún un ṣe. Lẹ́ẹ̀kan náà orin yẹn dìde, odindi rẹ̀, bó ṣe máa ń rí nígbà tí mo wà ní kékeré tí mo ń sùn lórí àwọn àga níbi eré. Oníbàárà mi ti wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọṣẹ ń kán sí i léjìká. Ìyá mi ní, "Ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì," kò sì parí rẹ̀, ó yíjú sí ògiri.

Orí orin náà ni ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì ti wá bá wa. Ìyá mi ló lọ pàdé rẹ̀.

"Ẹ má bínú, ọ̀gá. Ó ti rílé ọkọ."

"Mo lè fi owó kún un."

"Ẹ fi ra kọ́tìnì sí i," ìyá mi ní.

Owó oníbúrẹ́dì kò tó ti ọ̀gá náà. Bàbá mi kò wo owó náà lẹ́ẹ̀mejì, ó kó o fún ìyá mi. Ìyá mi wọ yàrá, ó mú ìborùn rẹ̀ tó dára jù jáde, ó fi wé gìtá náà láti orí dé ìdí. "Orogún mi ò ní tilé yìí jáde níhòòhò," ó ní. Oníbúrẹ́dì ṣèlérí pé òun á máa wá kọ́ ibi tó le yẹn, ó gbé e mọ́ àyà, ó sì lọ.

Ògiri wá ṣófo, ó ku ìṣó. Ẹ̀rù ń bà mí láti wo ojú bàbá mi. Nígbà tí mo wò ó, ó ti fẹ̀yìn ti àga, ó mí kanlẹ̀.

"Ṣé ó dùn yín?" mo bi í.

"Ó yẹ kó dùn mí," ó ní. "Mò ń wá ibi tó ti ń dùn mí, n ò rí i. Ṣe ló dà bíi pé mo sọ ẹrù kalẹ̀."

Ọkàn mi balẹ̀ wọ̀ọ̀. "Àǹtí," oníbàárà mi ní lẹ́yìn mi, "ọṣẹ ti ń gbẹ mọ́ mi lórí o." Mo ní kó ní sùúrù, nítorí bàbá mi ti dìde. Ó mú fìlà tí ológbò sọ di ibùsùn, ó gbọn irun ológbò kúrò lára rẹ̀, ó sì rìn lọ sídìí ògiri. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi gbé e. Fìlà náà tàsé ìṣó, ó já bọ́. Ìyá mi fẹ́ lọ bá a mú un, mo di aṣọ rẹ̀ mú. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ ọ̀tún kan náà ṣà á, ó tún gbé e sókè, ó sì pẹ́ kó tó kọ́.

Ó dúró, ó wo fìlà náà. Ó wá yíjú sí wa.

"Ẹ bá mi gba bọ́ọ̀lù yẹn lọ́wọ́ ológbò," ó ní.