Orin Aṣọ Fífọ̀ Wọ Kíláàsì

Orin ni obìnrin yìí ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé, Ìyá Olórin ni wọ́n sì ń pè é. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín òun àti ọ̀gá ilé-ìwé. Ọ̀gá ní orin inú ìwé nìkan ni kó máa kọ́ni. Òun ní ayé fẹ̀, ibi gbogbo ló ní orin tiẹ̀, ìwé kan péré kò lè gbà á.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń lọ sí kíláàsì ló gbọ́ ohùn obìnrin tó ń nulẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òkè òkun lobìnrin náà ti wá. Ó ń kọrin èdè wọn, ó ń fi igi ìnulẹ̀ lu etí garawa: mẹ́ta, méjì, méjì. Ìyá Olórin kà á, ó tún un kà. Méje! Kò gbọ́ irú ìlù bẹ́ẹ̀ rí. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ki ẹsẹ̀ kan bọ inú garawa.

"Yéè! Tíṣà, ẹ má bínú o!"

"Bínú kẹ̀? Ta ló kọ́ yín lórin yẹn?"

"Ìyá àgbà mi ni. Tá a bá ń fọṣọ la máa ń kọ ọ́."

"Ẹ wá kọ́ àwọn ọmọ mi."

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Èmi? Èmi tí mò ń nulẹ̀?"

Ìyá Olórin ti fà á lọ́wọ́ wọlé, bàtà rẹ̀ ń dún fìẹ̀fìẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ fún ara rẹ̀ sórí àga ọmọdé, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Kò pẹ́ tí gbogbo yàrá fi ń hó yèè. Ẹnu ìyẹn ni wọ́n wà tí ọ̀gá fi ṣílẹ̀kùn, òun àti alábẹ̀wò ètò ẹ̀kọ́, bàbá gíga kan tó fún táì mọ́ ọrùn pinpin.

"Ta ni olùkọ́ níbí?" ni alábẹ̀wò bèèrè.

Ọgbọ̀n ọmọ nawọ́ sí obìnrin tó ń nulẹ̀. Ọ̀gá fọwọ́ bojú. Ìyá Olórin sáré dìde láti ṣàlàyé, àga há mọ́ ọn nídìí, ó bá a dìde.

Obìnrin náà kò tilẹ̀ wojú ẹnikẹ́ni. "Bàbá, ẹ bọ́ sí ìlà ẹ̀yìn. Ẹ pàtẹ́wọ́. Mẹ́ta, méjì, méjì."

Bàbá pàtẹ́wọ́ mẹ́jọ. Ẹ̀rín fẹ́ pa àwọn ọmọ. Ó tún un ṣe, ó di mẹ́fà. "Ẹ dúró, ẹ dúró, mo ti fẹ́ mọ̀ ọ́n!" Ó ju táì sẹ́yìn ọrùn. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó bọ́ sí i gẹ́lẹ́, ló bá fò sókè.

"Ṣé èyí wà nínú ìwé yín?" ló bi ọ̀gá, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Rárá, sà."

"A jẹ́ pé ìwé yẹn ò tíì kún nìyẹn. Ó yá, ẹ tún un dá!"

Kó tó lọ, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí obìnrin náà máa kọ́ àwọn ọmọ lórin ní wákàtí kan lọ́sẹ̀, kí wọ́n sì sanwó olùkọ́ fún un. Obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ṣé ẹ tún mọ òmíràn?" ni Ìyá Olórin bi í.

"Ó ku mẹ́rìnlá. Ẹ ò tíì gbọ́ èyí tá a fi ń pọnmọ."

Ìyá Olórin gbá a mọ́ra, àtòun àti àga tó ṣì há mọ́ ọn nídìí.