Fọ́tò Ọ̀gà Tó Kù

Àlá tí àbúrò mi Akínṣọlá lá lọ́sàn-án àná, bó ṣe rọ́ ọ fún mi ni mo fẹ́ rọ́ ọ fún yín. Ẹ má bi mí pé báwo ló ṣe lè rí bẹ́ẹ̀. Àlá ni.

Ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n, tíṣà Yorùbá tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń wọ inú koríko kiri lẹ́yìn ilé wa láti ya kòkòrò ní fọ́tò. Àwọn ará àdúgbò rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ fún bí ọdún méjì. Àfi ìgbà tí àwọn kan ní Ìbàdàn ní àwọn fẹ́ fi fọ́tò rẹ̀ tẹ ìwé fáwọn ọmọ ilé ìwé. Tata, ìrẹ̀, aláǹtakùn, ọ̀kùn, ó kó wọn ránṣẹ́. Ìbídùn, ọmọbìnrin tó ń bójú tó ìwé náà, wá tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí i: “Aworan oga nikan lo ku, sa. Bi a ko ba ri i di irole Jimo, iwe ko ni jade lodun yii.” Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni àbúrò mi fi wá ọ̀gà, ẹran kékeré tó máa ń pa àwọ̀ dà yẹn, nínú oko kòkó. Kò rí ìrù rẹ̀. Àná ni Jímọ̀ yẹn. Inú rẹ̀ bàjẹ́ débi pé kò jẹun ọ̀sán, ó kàn sùn lọ lórí àga.

Ó ní bí òun ṣe wọ inú koríko báyìí, koríko ga ju òun lọ, tata kan tó de táì sì dá òun dúró. Ó béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò ní. Tata ní kó lọ gbà á ní ọ́fíìsì, ó sì nawọ́ sókè. Ọ́fíìsì náà ló ń léfòó lọ lókè igi kòkó, tòun tàwọn èèyàn tó tò síwájú káńtà. Kò tilẹ̀ ya àbúrò mi lẹ́nu. Ohun tó ń rò ni pé kí wọ́n má ti ilẹ̀kùn kóun tó débẹ̀. Ó di okùn aláǹtakùn mú, ó pọ́n ọn gòkè.

Kó tó sọ tẹnu rẹ̀ fún akọ̀wé, kámẹ́rà ọrùn rẹ̀ ti gba ọ̀rọ̀ sọ. Ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti ra òun, ìdí kòkòrò lòun ń wò, òun ò rí ojú èèyàn kan rí. Akọ̀wé bá a kẹ́dùn. Ó wá fa ìwé yọ, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: Ki o ya oga.

Ẹ mọ àbúrò mi. Ó yọ báírò pupa.

“Àmì dà? Ọ̀gá ni àbí ọ̀gà?”

“Àmì ti tán lọ́dọ̀ wa láti oṣù kẹta,” ni akọ̀wé wí. “A ti kọ̀wé béèrè.”

Ibi tó ti ń sọ ọ́ ni irùngbọ̀n ti hù, ìwo tẹ̀ lé e, ó di ewúrẹ́, ó sì jẹ ìwé àṣẹ náà. Àbúrò mi dúró kó jẹ ẹ́ tán, ó wá rọra béèrè bóyá ẹ̀dà rẹ̀ wà. Ewúrẹ́ fi pátákò júwe yàrá inú fún un.

Agbádá kan ló jókòó síbẹ̀, tó ń di àwọ̀ ewé, tó ń di pupa. Ọ̀gà ló wọ̀ ọ́. Ojú rẹ̀ kan ń ka fáìlì, èkejì ń wo àbúrò mi. Inú àbúrò mi dùn, ó na ọwọ́ sí kámẹ́rà. Kámẹ́rà fò, ó bọ́ sọ́wọ́ ọ̀gà.

“Ìwọ ni mo fẹ́ yà,” ni ọ̀gà wí.

Àbúrò mi ní òun kì í ṣe kòkòrò.

“Láti ibi tí mo wà yìí, o kéré tó.”

Ẹ̀rù bà á gan-an. Ó ní kò sẹ́ni tó tẹjú mọ́ òun bẹ́ẹ̀ rí. Bó ṣe fẹ́ sá ni fóònù dún, ó sì ta jí.

Ìbídùn ni. Kíá ni àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀, pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lòun fi wà nínú oko, òun ò rí ọ̀gà.

“Ọ̀gà kẹ̀, sà? Ọ̀gá ni mo kọ. Ẹ̀yin ni. Fọ́tò yín la fẹ́ fi sẹ́yìn ìwé.”

Ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún fún ọmọ ọlọ́mọ ní òdo nítorí àmì ohùn, ló bá tún ṣí àtẹ̀jíṣẹ́ náà, ó ń wá àmì lórí rẹ̀. Èmi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Lẹ́yìn náà la tú ilé. Fọ́tò kòkòrò tó lé ní ẹgbẹ̀rún la bá, kò sí ti òun fúnra rẹ̀ kan ṣoṣo. Ẹ̀rín bá tán lẹ́nu mi, àánú rẹ̀ ṣe mí.

Ìrọ̀lẹ́ ti ń lé wa bọ̀. Mo gba fóònù, mo ní kó lọ dúró lẹ́bàá ògiri. Ó lọ, àmọ́ kò mọ ibi tó máa fi ọwọ́ sí, ó ń wò mí, ó ń wo ọ̀nà. Mo rọra sún mọ́ ọn, mo di èémí mi mú, kó má baà sá.